Bí A Ṣe Ń Gbé Fóònù Lọ fún Àtúnṣe

Kí ẹ tó fa fóònù yín lé ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́wọ́ ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà) tó bá jáde sílẹ̀, kí ẹ sì yọ síìmù kúrò. Bí bátìrì ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n yọ, nítorí ó lè má tíì bàjẹ́ rárá, tiyín sì ni. Rìsíìtì tí kò sọ irú bátìrì tí wọ́n fi sí i kò wúlò, lójú tèmi. Bí fóònù tuntun ni ó bàjẹ́, ẹni tó tà á ni kí ẹ kọ́kọ́ bá. Bí ó bá kọ etí ikún, ẹ mú rìsíìtì tọ àjọ FCCPC lọ, èyí tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà.