Kí iyàn sólà tó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì, ẹ wọn iná rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa n'Ìbàdàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá fẹ́ káwọn ọmọ jíròrò lórí sólà àti jẹnẹrétọ̀, ẹ má jẹ́ kó di ariwo ẹnu lásán. Ẹ gbé páńẹ́lì kékeré oníwáàtì 10, ti fóòtì 12 (fóòtì ni ipá tó ń ti iná lọ), àti mítà tí wọ́n fi ń wọn iná síta. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án gangan, àti nígbà tí òjò bá ṣú.

Ibi tó ti máa ń dàrú rèé: fóòtì nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀n. Fóòtì kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ tójú ọjọ́ bá ṣú, ọmọ á wá ní òjò ò ṣe sólà ní nǹkan kan. Áńpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, ló ń já wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn áńpíà, ẹ ki wáyà pupa bọ ihò 10A (áńpíà 10) lára mítà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fíúsì rẹ̀ lè jó. (Ẹ má dán èyí wò lára bátìrì láéláé o!)

Ẹni tó bá wá sọ pé “sólà ò wúlò lásìkò òjò” gbọ́dọ̀ tọ́ka sí nọ́ḿbà kan lójú pátákó. Ẹni tó ta kò ó náà gbọ́dọ̀ mú tiẹ̀ jáde. Mẹ́rin-mẹ́rin ni kẹ́ ẹ pín wọn. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan á kàn máa wòran ni.