Bí mo ṣe rí íapíìsì tó ń gbé ariwo jẹ́nẹ́ mì

Ariwo jẹ́nẹ́ aládùúgbò mi ní Aṣerò, l'Ábẹ́òkúta, ló lé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, àti Èkó tí mò ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Íapíìsì àkọ́kọ́ tí mo rà, owó ẹ̀ bómi lọ ni. Wọ́n kọ "noise cancelling" (ìyẹn ni pé ó ń pa ariwo) gàdàgbà sára páálí, ẹni tó tà á ní "Àǹtí, ẹ ò ní gbọ́ nǹkankan mọ́," mo délé, jẹ́nẹ́ ṣì ń bú ramúramù bíi pé mi ò ki nǹkankan bọ etí.

Ìgbà tí mo wá ka ìdí páálí yẹn ni mo rí i pé ENC (environmental noise cancellation) ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ANC (active noise cancellation). Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà kan ṣoṣo rẹ́ yín jẹ o. ENC, tìtorí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni, òun ni kò ní gbọ́ ariwo ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin á máa gbọ́ tiyín lọ ràì. ANC ló ní máìkì tó ń gbọ́ ariwo ìta, tó wá ń gbé òdìkejì ìró yẹn sínú etí kí àwọn méjèèjì lè pa ara wọn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Pánsẹ́kẹ̀ ni mo lọ, mo ní mi ò sanwó àfi tá a bá jáde lọ sídìí jẹ́nẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bọ̀ọ̀dá yẹn rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀lé mi ṣá. Mo ki í bọtí, mo tan ANC, mo pa á, mo tún tàn án. Wúùù yẹn lọ sílẹ̀ bíi pé wọ́n da tìmùtìmù bo jẹ́nẹ́ náà, èéfín ẹ̀ nìkan ló kù tó ń fín mi nímú. Àmọ́ ohùn bọ̀ọ̀dá yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ, torí ìró tó ń lọ gbọọrọ bíi ti ẹ́ńjìnnì ló rí mú jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ti ẹnu èèyàn àti fèrè mọ́tò ṣe.

Rọ́bà orí íapíìsì náà ṣe pàtàkì gan-an, ìwọ̀n mẹ́ta ló bá a wá, etí òsì mi gba alábọ́ọ́dé, ọ̀tún gba ńlá (àṣé etí mi ò dọ́gba!), ìgbà tí mo pààrọ̀ ẹ̀ ni ariwo tó kù wá dínkù.

Nínú rélùwéè láti Ládérin dé Èbúté Mẹ́ta, ìgbádùn ni. Nínú bọ́ọ̀sì Kútọ̀, mi ò kí ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò mọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ lu máìkì ẹ̀, ó ń dún fùù-fùù. Tí mo bá sì ti sọ̀kalẹ̀, mo ń yọ ọ́ ni, torí ọlọ́kadà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi rí ní Láfẹ́ńwá, mi ò gbọ́ bó ṣe ń bọ̀ rárá.

Lálẹ́ ṣá, tí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń dùn mí létí, ẹ̀yìn ni mo fi ń sùn báyìí.