Bí mo ṣe kó àmì àìsàn mi jọ sójú ìwé kan

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ti fún mi lórúkọ àìsàn mẹ́ta. Tí mo bá lóṣòó fọṣọ, itan mi kì í gbé mi dìde mọ́: wọ́n ní làkúrègbé ni. Mò ń yàgbẹ́ lemọ́lemọ́: jẹ̀díjẹ̀dí. Èékánná ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín ń ṣí kúrò lórí ẹran, ìdọ̀tí ń kó sábẹ́ ẹ̀. Oníkẹ́míìsì ta ìpara làpálàpá fún mi. Ta ni yóò fura sí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn? Ọrùn mi ò wú, gẹ̀gẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi lórí fóònù pé, "Kọ gbogbo ẹ̀ sójú kan, àtèyí tó ń tì ọ́ lójú." Mo kọ ọ́, mo fi oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé ara tó ń yún mi láìsí èélá, àti bí mo ṣe ń rù láìfi oúnjẹ sílẹ̀, jọ wọlé ni.

Láàárọ̀, kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́, mo ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Láàárín 60 sí 100 ló yẹ kó wà. Tèmi kọjá bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré délé. Mo na ọwọ́ síwájú, mo tẹ́ abala ìwé kan lé ẹ̀yìn ẹ̀: etí ìwé náà ń gbọ̀n wìrìwìrì.

Dókítà ka ìwé mi tán, ó ní kí n káwọ́ mọ́ àyà, kí n dìde lórí àga. Mo fì síwájú, mo fì sẹ́yìn, ìdí mi ò kúrò ńbẹ̀. Ó kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH àti T4; T4 ni èròjà tí táírọ́ìdì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, TSH ló ń pàṣẹ fún un. Ó ní kí n dá oògùn irun tó ní fítámì tí wọ́n ń pè ní biotin nínú dúró ná, torí ó lè mú èsì parọ́.

T4 ga, TSH fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Abẹ́ ọpọlọ ni TSH ti ń wá láti ti táírọ́ìdì ṣiṣẹ́; tí táírọ́ìdì bá ń ṣe àṣejù bíi tèmi, ibẹ̀ á dákẹ́. Propranolol, oògùn tó ń dín bí ọkàn ṣe ń sáré kù, tètè rọ àyà mi lójú. Carbimazole, èyí tó ń dín iṣẹ́ táírọ́ìdì fúnra ẹ̀ kù, ò yára bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìkìlọ̀ tiẹ̀: bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn mí tàbí ibà dé, kí n dá a dúró, kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.