Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ tíréènì Chuo ní Tokyo tí ò fi ní gbé yín kọjá ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ní Tokyo tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa Chuo ni pé ẹ má wo ibi tí tíréènì ń lọ nìkan, ẹ wo irú tíréènì tó jẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Ojú irin kan náà ni, pílátífọ́ọ̀mù kan náà, ìlà aláwọ̀ ọsàn kan náà lára wọn, àmọ́ ibi tí èyí ń dúró sí, ìyẹn lè má yà síbẹ̀ rárá.

Tokyo Station ló ti ń gbéra, ó gba Shinjuku kọjá, ó wá forí lé ìwọ̀ oòrùn títí dé Takao, nǹkan bíi kìlómítà 53. Ọdún 1889 ni ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Kobu ṣí apá Shinjuku sí Tachikawa, ìjọba wá gbà á ní 1906. Tẹ́ ẹ bá wò ó lórí máàpù, láti Higashi-Nakano dé Tachikawa ó tọ́ gbọọrọ bí ìgbà tẹ́ẹ̀yàn fi rúlà fà á, ó sì lé ní 20 kìlómítà. Ó máa ń wù mí wò gan-an.

Ó dáa. Èyí tí wọ́n kọ Rapid sí lára, ìyẹn tíréènì tó ń yára, tó bá ti kúrò ní Shinjuku á dúró ní Nakano, Koenji, Asagaya, Ogikubo, Nishi-Ogikubo, Kichijoji, Mitaka, lẹ́yìn Mitaka kì í fo stéṣàn kankan mọ́. Àmọ́ ní Sátidé, Sọ́ńdè àtọjọ́ ìsinmi, ó ń fo Koenji, Asagaya àti Nishi-Ogikubo, ẹ fi sọ́kàn. Special Rapid ní tiẹ̀, láti Shinjuku, Nakano, Mitaka, Kokubunji, Tachikawa ló mọ̀, ẹ̀yìn Tachikawa ló tó máa ń dúró níbi gbogbo. Kì í dúró ní Kichijoji o! Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ àlejò ń lọ, wọ́n fẹ́ wo pákì Inokashira, wọ́n á kàn rí stéṣàn wọn tó ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín ẹ má jáyà, ẹ sọ̀ ní Mitaka, ẹ wọ èyí tó ń padà, stéṣàn kan péré ni. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, òmíì tún wà tó ń wọ̀lú, Commuter Special Rapid, ìyẹn tó bá ti kúrò ní Kokubunji, ó di Shinjuku.

Òmíì sì máa ń yà ní Tachikawa, ó ń gba ọ̀nà Ome lọ. Mo ti wọ irú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, Hachioji ni mò ń lọ, mo rí àwọ̀ ọsàn mo kàn bọ́ sínú ẹ̀, mo sùn lọ, ìgbà tí mo lajú mi ò mọ orúkọ stéṣàn tí wọ́n ń pè mọ́. Látìgbà yẹn mo máa ń ka ojú bọ́ọ̀dù tán kí n tó gbẹ́sẹ̀. Èyí tó ní ìlà yẹ́lò lára, gbogbo stéṣàn ló ń dúró, ó ń bá Chuo rìn ẹ̀gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dé Mitaka, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bọ́ sínú ẹ̀ ní Ochanomizu, ẹ kàn sọdá pílátífọ́ọ̀mù ni, kò sí àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa gùn.

Owó ọkọ̀: ẹ gba Suica, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kówó sí fi sanwó ọkọ̀, ó lè jẹ́ káàdì, ó sì lè wà nínú fóònù, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì bẹ́ ẹ bá ń wọlé àti bẹ́ ẹ bá ń jáde.

Wàyí o, àárọ̀. Tẹ́ ẹ bá lè sún un síwájú, ẹ má wọ̀ ọ́ láago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ tò sẹ́yìn àmì tí wọ́n fà sílẹ̀, ẹ gbé báàgì ẹ̀yìn yín wá síwájú àyà, ẹ má gba ìpè nínú ọkọ̀. Tó bá dé Shinjuku tí èrò fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin náà ẹ sọ̀, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n jáde tán, kẹ́ ẹ tó padà wọlé. Ẹnikẹ́ni ò ní gba àyè yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú sọ̀, tó fara ti ẹ̀gbẹ́ tíréènì, tó sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó wú mi lórí. Ẹ̀yin obìnrin, kóòṣì 1 tó wà lápá Tokyo, tiyín ni láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ fún tíréènì tó ń wọ̀lú. Ilẹ̀kùn náà tún ní bọ́tìnnì, tí kò bá dá ṣí, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó láìjìjàdù, kóòṣì 12 ni tíréènì ní, Green Car ni 4 àti 5, ìyẹn kóòṣì tẹ́ ẹ máa sanwó kún owó ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó síbẹ̀, alájà méjì ni. Láti oṣù kẹta 2025 ni wọ́n ti ń gbowó níbẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Green Car tiyín sórí Suica kẹ́ ẹ tó wọlé torí ó dín owó sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, ẹ wá lẹ Suica mọ́ òkè ìjókòó, iná pupa á di àwọ̀ ewé.

Ó máa ń pẹ́ nígbà míì. Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé tíréènì ló pẹ́, ọ̀gá yín á gbà á. Tó bá dúró pátápátá, Keio, tíréènì ilé iṣẹ́ míì, wà láti Shinjuku lọ sápá Hachioji, àmọ́ àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù tàbí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ni wọ́n ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́, owó inú Suica lásán ò ṣe é.

Tí ìrọ̀lẹ́ bá tó tó sì ti rẹ̀ yín, ẹ má wọ̀ ọ́ ní Shinjuku, tẹ́ ẹ bá ráàyè ẹ lọ bá a ní Tokyo Station, pílátífọ́ọ̀mù 1 àti 2, ó ga, ẹsikalétọ̀ gígùn ló ń gbéèyàn débẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń gbéra, ẹ jẹ́ kí èyí tó kún lọ, ẹ tò fún èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ á jókòó dé Takao.