Ẹyin Òjòlá Kì Í Ṣe Ẹyin Adìẹ: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Adìẹ ni mo kọ́kọ́ sìn ní Tanke, nílùú Ìlọrin níbí, kí n tó sin òjòlá kékeré tí òyìnbó ń pè ní ball python. Ọgbọ́n adìẹ yẹn ló sì ba ẹyin òjòlá mi àkọ́kọ́ jẹ́.

Ẹyin mẹ́fà ni. Mo kó wọn sínú íńkúbétọ̀, ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin, tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin adìẹ ní Ganmo. Ooru rẹ̀ wà ní 37.5°C, ó sì ń yí ẹyin fúnra rẹ̀. Ti adìẹ nìyẹn. Ooru 31 sí 32 ni ẹyin òjòlá yìí ń fẹ́.

Yíyí yẹn gan-an ló léwu. À ń yí ẹyin adìẹ kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Ti ejò kò rí bẹ́ẹ̀: láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí ìyá bá yé e, ọmọ inú rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ èèpo lókè, ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí mo la ọ̀kan nínú ẹyin mi, iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ti gbẹ mọ́ èèpo, ọmọ ejò kékeré kan sì ká roboto sínú rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé ẹyin kúrò níbi tí ìyá rẹ̀ yé e sí, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i lókè, kí ìlà náà sì máa wo òkè títí ọmọ á fi jáde. Bí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀, ẹ má yà wọ́n. Bí wọ́n ṣe wà ni kẹ́ ẹ ṣe gbé wọn.

Ẹ má tẹ́ ìyẹ̀fun pákó sábẹ́ rẹ̀, á bu. Ẹ má sì wọ́n omi sí ẹyin lára nítorí ọyẹ́. Vermiculite, òkúta wẹ́wẹ́ fúyẹ́ tó ń fa omi mu, ni kẹ́ ẹ pò mọ́ omi, kó tutù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó má kán. Bí ẹyin bá jin kòtò ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbígbẹ ló ń bá a jà. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni, kò burú.

Iná tó lọ fún wákàtí díẹ̀ kì í sábà pa ẹyin. Ooru àpọ̀jù ló ń tètè pa á. Ní oṣù kẹta, yàrá abẹ́ páànù ní Ìlọrin lè gbóná ju 32 lọ lọ́sàn-án láìsí iná rárá, síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó gbé àtùpà ti íńkúbétọ̀ torí pé iná lọ. Kúlà tí ẹ to ìgò omi sí nínú á pa ooru mọ́ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ẹyin ni kẹ́ ẹ fi tẹmómítà sí, kì í ṣe ara ọmọrí.

Ní bí ọjọ́ 55 sí 60, èèpo á là tóóró, imú á yọ. Ẹ má fà á jáde! Ó ń fa pupa ẹyin tó kù sínú ikùn ni, ẹni tó bá sì fà á lè já ìwọ́ rẹ̀. Èyí tó jáde kẹ́yìn nínú tèmi lọ́dún yìí yọ imú láàárọ̀ Àlàmísì. Mo ti ìrun Jímọ̀ dé lọ́jọ́ kejì kí n tó bá a níta, tó ká jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo rẹ̀.