Bí mo ṣe ń bá àwọn ọmọ SS2 sọ̀rọ̀ nípa gbígbẹ̀mí ara ẹni

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sójú pátákó. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ilé ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Màá wá béèrè pé: ẹ̀sín wo? Ti JAMB tí èèyàn ò yege? Ti fọ́tò tí ẹnì kan gbé sórí WhatsApp? Kíláàsì á pa rọ́rọ́. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má kó gbogbo ilé ìwé jọ fún un. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú, kó má sì jẹ́ ọ̀sán Jímọ̀, torí ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà bá gbá mú ò gbọdọ̀ dá gbé e fún odindi ọjọ́ méjì. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ ti bá ọ̀gá ilé ìwé fẹnu kò lórí ẹni tẹ́ ẹ máa pè àti ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ máa gbé ọmọ lọ. Ní Abẹ́òkúta níbí, Arò ni. Àmọ́ tọ́mọ bá gbọ́ Arò, wèrè ló ń wá sí i lọ́kàn, nítorí náà mo máa ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn: bí Dókítà Thomas Adeoye Lambo ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, tí mọ̀lẹ́bí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú.

Ẹ má ṣàlàyé bí ẹnikẹ́ni ṣe kú. Ẹ má sì wàásù. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, iná ọ̀run ni mo fi dẹ́rù bà wọ́n. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi nígbà tó yá pé ọjọ́ yẹn lòun ti pinnu pé òun ò ní sọ nǹkan kan fún mi.

Ẹ kọ́ wọn láti fura sí ẹni tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, tí kì í sùn mọ́, tó ń sọ pé wàhálà òun máa tó kúrò lọ́rùn ìyá òun. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ara wọn, ní méjì-méjì: “Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o pa ara ẹ ni?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lórí, ìwádìí ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má fi onítọ̀hún sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n lọ pe àgbàlagbà. Ìyẹn kì í ṣe òfófó.

Bí mo bá pe òbí, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo oògùn àti májèlé inú ilé sábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àdúrà lè tẹ̀ lé e.

Níparí, gbogbo ọmọ ló ń gba bébà kékeré, wọ́n á kọ orúkọ àti “Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀” tàbí “Kò sí.” Gbogbo wọn ló ń kọ nǹkan, kí ojú má baà wà lára ẹnì kan. Mi ò kì í kúrò nílé ìwé láìkà á tán. Ní sáà tó kọjá, ọmọ mẹ́rin ló fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Owó ilé ìwé ni ti ẹnì kẹrin. Mo jókòó tì í, a sọ ọ́.