Bí ìbò ọkọ mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ já sófo lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní Pẹnsilfáníà, l'Amẹ́ríkà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìbò ẹlòmíì lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò o, ì báà jẹ́ ti ọkọ yín. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ló bá a lọ, àti dọ́là 18 tí mo fi páàkì mọ́tò, inú sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

November 2024 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti dádì àwọn ọmọ máa dìbò látìgbà tá a ti di ọmọ ìlú níbí. Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà, èmi náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́, la bá ní kí wọ́n fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sílé. Tọ́sìdeè, October 31, ló tó wọlé, ìdìbò ku ọjọ́ márùn-ún! Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà la kùn ún, a sáìnì, a kọ déètì. Àpòòwé kékeré tó ń bo àṣírí yẹn, ẹ má gbàgbé ẹ̀ o, tí ìwé bá lọ láìsí i wọn ò ní kà á. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi wa ẹrù lọ sí Ohio.

Mi ò lè fi sí póstì mọ́, torí níbí déètì tí póstì lù sára lẹ́tà ò gba èèyàn sílẹ̀, ìwé gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìdìbò káúńtì, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀, kí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ ìdìbò tó lù. Mọ́ńdè mo gba ọ́ọ̀fù, mo kó méjèèjì, mo wa mọ́tò fún ìṣẹ́jú 40, mo tò sórí ìlà. Arábìnrin tó ń gbà á bi mí pé ṣé tèmi ni méjèèjì, mo ní ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti ọkọ mi. Ó gba tèmi, ó dá ti ọkọ mi padà. Ó ní kálukú ló ń mú tiẹ̀ wá, àfi tó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara tó ti sáìnì fóòmù pé kí n bá òun mú un wá. Mo ní mà, ọkọ mi ni, ẹ wo àdírẹ́sì, ilé kan náà, orúkọ kan náà. Ó ní òfin ni. Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn, ọ̀gá jáde, ọ̀rọ̀ kan náà. Nílé wa, ta ló ń bi ìyàwó pé kí ló ń fi lẹ́tà ọkọ ẹ̀ ṣe? Òfin yẹn ò burú o, kí ẹnì kan má baà lọ kó ìbò àdúgbò dání, ó yé mi. Ohun tó dùn mí ni pé mo bi wọ́n pé kí wá ni ṣíṣe, wọ́n ní kó wá fúnra ẹ̀, ó tán, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀nà míì fún mi. Mo dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan tí mò ń pe ọkọ mi, fóònù ẹ̀ ò lọ.

Túsìdeè, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló já ẹrù sílẹ̀, kò wẹ̀, kò jẹun, mo ti ń dúró dè é nínú mọ́tò. 7:35 la wọlé, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo rí i pé wọ́n ti gba méjèèjì, mo pariwo ayọ̀! A ò lè dìbò Nàìjíríà láti ìta, èyí tá a ní yìí mi ò ní jẹ́ kó sọnù.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni aládùúgbò wa wá sọ pé ọkọ mi ì bá kàn kó ìwé yẹn pẹ̀lú àwọn àpòòwé ẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dìbò ládùúgbò, kó dá a padà fún wọn, kó dìbò lórí mẹ́ṣíìnì ibẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún sílé wa! Mo bínú débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Tó bá di ìdìbò míì, September ni mo máa béèrè tèmi, ọjọ́ tó bá sì dé, àwa méjèèjì la jọ máa wọ mọ́tò.